Bí gèlè àti agbádá ṣe ń dé òkè òkun láì rún

Aránṣọ

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Àsìkò ìgbéyàwó àti ìgbafẹ́ ti tún dé, gbogbo èèyàn ti ń di ẹrù. Kí ẹni tó bá mọ nǹkan kan jọ̀wọ́ sọ ọ́ níbí, nítorí ó ń dùn mí bí aṣọ tó kúrò lọ́dọ̀ wa bí aṣọ ọba ṣe máa ń dé London bí àkísà. Ọjọ́ tí wọ́n máa lò lọ́hùn-ún ni àwọn èèyàn máa ń kà kí wọ́n tó kó aṣọ. Irú aṣọ ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Bí léèsì ṣe ń fẹ́ ìtọ́jú nínú báàgì kọ́ ni gèlè ségò ṣe ń fẹ́ ẹ, ti aṣọ òkè yàtọ̀, ti àdìrẹ yàtọ̀.

Agbádá ni kí n fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ yí inú rẹ̀ síta kí iṣẹ́ ọnà ọrùn má baà máa gbo ara wọn, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ na apá méjèèjì dáadáa. Ẹ ṣẹ́ apá ọ̀tún wá sí àárín títí etí rẹ̀ á fi dé ọ̀kánkán ọrùn, kí ẹ ṣe ti òsì bẹ́ẹ̀. Ó ti di ọ̀já gígùn kan tó fẹ̀ tó igbá àyà. Ẹ tẹ́ bùbá àti ṣòkòtò sí àárín rẹ̀, kí ẹ wá ká gbogbo rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ wá sókè bí ẹní. Bùbá tó wà nínú yẹn ni iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀: aṣọ tó bá yí nǹkan rírọ̀ ká kì í ní ilà. Àwọn tó ṣẹ́ agbádá sí mẹ́rin kó lè bá báàgì mu ló ń ní ilà bí àgbélébùú láyà nínú gbogbo fọ́tò.

Fìlà gọ̀bì, ẹ ki ìbọ̀sẹ̀ sí i nínú. Abetí ajá ò fẹ́ kíkì. Páálí pẹlẹbẹ ni kí ẹ fi sínú etí rẹ̀ méjèèjì, kó sì wà lórí gbogbo ẹrù.

Aláṣọ òkè

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n fi ti òfì kún un. Aṣọ òkè tí wọ́n ń hun ní Ìṣẹ́yìn jẹ́ ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, nǹkan bí ínǹṣì 4 ní fífẹ̀ ní ìlànà àtijọ́, tí wọ́n wá rán pọ̀. Tí ẹ kò bá lè ká ìró náà bí ẹní, tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣẹ́ ẹ, ẹ jẹ́ kí ìṣẹ́po bọ́ sójú ibi tí wọ́n ti rán ọ̀já mọ́ ọ̀já. Ilà á fara sin síbẹ̀. Tí ẹ bá ṣẹ́ ẹ ní ìbú, ilà á la gbogbo ọ̀já kọjá, kò sì sí bí ẹ ṣe máa dúró tí kò ní hàn.

Èyí tó ń ba aṣọ jẹ́ jù ni áyọ́ọ̀nù ilé ìtura. Òwú dídán tó wà nínú aṣọ òkè òde òní kì í ṣe irin. Rọ́bà fẹ́lẹ́ ni, tí wọ́n fi àwọ̀ wúrà tàbí fàdákà bò. Bí iná bá kàn án, á súnkì, á sì fa òwú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́ra. Aṣọ á ṣù jọ níbẹ̀, a ò sì lè tún un ṣe mọ́. Ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀, ẹ tẹ́ aṣọ funfun fẹ́lẹ́ lé ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ yí áyọ́ọ̀nù sí ìwọ̀n tó kéré jù lọ, kí ẹ sì máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ má wọ́ ọ. Ẹtù tí wọ́n fi òwú hun, àti sányán tí wọ́n fi ṣẹ́dà hun, kò ní wàhálà yìí tí kò bá ti sí òwú dídán nínú wọn.

Aṣọ òkè wúwo. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kì í gbà ju kílò 23 nínú báàgì kan fún ìjókòó lásán, gígùn, fífẹ̀ àti gíga rẹ̀ lápapọ̀ kò sì gbọ́dọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 158 lọ. Ẹ wọn báàgì nílé. Ìpele kò sì nílò láti wọ báàgì rárá: inú ọkọ̀ òfurufú máa ń tutù, ẹ fi bo èjìká yín títí ẹ ó fi sọ̀kalẹ̀.

Bàtà tàbí àpò awọ ọ̀nì àti awọ òjòlá, ẹ fi sílẹ̀ tí kò bá ní ìwé àṣẹ. CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko igbó, ló de àwọn ẹranko wọ̀nyẹn, aṣọ́bodè lè gbà á. Ẹ̀gbà ọwọ́ tí wọ́n fi eyín erin ṣe, kí ó má tilẹ̀ kúrò nílé.

Awégèlè

Ẹ kú iṣẹ́ o. Gèlè lẹ̀rù máa ń bà mí fún, nítorí òun ni gbogbo fọ́tò máa ń kọ́kọ́ wò.

Ségò dà bí bébà líle. Ibi tó bá ti ṣẹ́, ó ti ṣẹ́ náà nìyẹn. Ooru omi á sọ ọ́ di rírọ̀ láì mú ilà kúrò, áyọ́ọ̀nù á sì pa dídán rẹ̀. Kí ó má ṣẹ́ rárá ni ìtọ́jú rẹ̀. Ẹ bẹ àwọn aláṣọ ní Balógun tàbí ní Gbági kí wọ́n fún yín ní páálí róbótó tí wọ́n ń wé odindi aṣọ mọ́, ẹ gé e kó bá inú báàgì mu. Gèlè gùn tó yáàdì 2, fífẹ̀ rẹ̀ kò sì lè wọ báàgì bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ ṣẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní gígùn, níbi tí ẹ máa ṣẹ́ ẹ sí náà nígbà tí ẹ bá fẹ́ wé e. Ilà yẹn ò ní jẹ́ àbùkù mọ́, inú wíwé ló máa wọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ́ bébà fẹ́lẹ́ funfun lé e, kí ẹ ká a mọ́ páálí láì fún un. Bébà ìròyìn kọ́ o! Tádàwà rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ gèlè. Gèlè aláwọ̀ fàdákà àti aláwọ̀ eérú ló máa ń fi í hàn jù.

Gèlè tí wọ́n ti wé sílẹ̀ rọrùn fún ẹni tí kò ní rí awégèlè níbi tó ń lọ, ṣùgbọ́n páálí rẹ̀ ni wọ́n máa kà sí báàgì ọwọ́ yín. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfurufú kì í gbà ju báàgì ọwọ́ kan àti àpò kékeré kan. Inú gèlè náà ṣófo, kí ẹ má fi àyè yẹn ṣòfò: ẹ to iyùn, yẹtí àti ìborùn fẹ́lẹ́ síbẹ̀, wọ́n á tún jẹ́ kó dúró ṣánṣán. Iyùn kì í wọ báàgì tó ń lọ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ láé. Kí okùn kọ̀ọ̀kan wà nínú àpò aṣọ tirẹ̀, kí wọ́n má baà lọ́ mọ́ra. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ fà á díẹ̀. Tí ẹ bá ti ń rí okùn láàárín ìlẹ̀kẹ̀ sí ìlẹ̀kẹ̀, okùn náà ti ń gbó, ẹ gbé e lọ tún un sín.

Bí gèlè bá ń yọ̀ lórí, irun tó ń dán ló fà á. Ẹ fi ọ̀já òwú fẹ́lẹ́ de etí irun yíká kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má gún pín-ìn-nì mọ́ iwájú ségò, ihò rẹ̀ kì í dí. Ẹ̀yìn, lábẹ́ ibi tí ẹ ti so ó, ni kó wà.

Ìlú olótùútù ní òfin kan: kóòtù kọ́kọ́, gèlè lẹ́yìn. Ẹni tó wé gèlè tán kó tó wọ kóòtù tó ní ìborí á rí i pé kò sí àyè. Agbádá náà kì í gba abẹ́ kóòtù, ẹ gbé e lọ́wọ́ nínú àpò aṣọ gígùn, kí ẹ wọ̀ ọ́ tí ẹ bá dé gbọ̀ngàn. Létí òkun ẹ̀wẹ̀, ẹ fi ségò sílé. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tó ní omi nínú á mú kó rọ̀ wọ̀ọ̀. Gèlè aṣọ òkè ló lè fara dà á.

Aláró

Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo ní, lórí àdìrẹ, nítorí pé mo ń rí i tí àwọn èèyàn ń san owó ìtanràn fún ilé ìtura lórí bẹ́ẹ̀dì tó di àwọ̀ aró.

Ọ̀pọ̀ gbà pé iyọ̀ tàbí fínígà ló ń mú kí aró dúró. Kò rí bẹ́ẹ̀. Aró kì í yòrò nínú omi lásán, ó sì ń jókòó sára òwú ni, èyí tó bá pọ̀ jù lójú aṣọ á máa gbo kúrò. Fífọ̀ nìkan ló ń yọ ìyẹn. Ẹ fi omi tútù ṣàn án, ẹ yí omi padà, ẹ tún ṣàn án, títí omi á fi mọ́. Ó lè gba ẹ̀ẹ̀mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀. Kàm̀pálà tí wọ́n fi kọ́síìkì rẹ pọn dandan fún irú fífọ̀ yìí, nítorí kọ́síìkì tó bá ṣẹ́kù sára aṣọ á máa jẹ òwú títí yóò fi ya. Tó bá gbẹ, ẹ rẹ ańkáṣíìfù funfun sínú omi, ẹ fún un, kí ẹ fi nu ibi tó dúdú jù nígbà 20. Bí ańkáṣíìfù bá ṣì ń gba àwọ̀, ẹ má gbé e sún mọ́ léèsì funfun, ẹ má sì wọ̀ ọ́ jókòó sórí àga aláwọ̀ mímọ́. Ẹ yí inú rẹ̀ síta, kó wà nínú ọ̀rá tirẹ̀. Òógùn ń ṣe iṣẹ́ omi, nítorí náà ẹ má wọ ṣìmí funfun tí ẹ fẹ́ràn sábẹ́ rẹ̀.

Ẹlẹ́ktríṣíànì

Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà tó ń bọ̀ wálé ní Oṣù Kejìlá, ẹ wo ẹ̀yìn áyọ́ọ̀nù àti ẹ̀rọ ìgbóná irun yín. Bí ẹ bá rí 120V nìkan lára rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Iná tiwa jẹ́ nǹkan bí 240V, agbára tó máa wọ inú rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin, á jóná ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Áyọ́ọ̀nù Nàìjíríà tó bá lọ sí Amẹ́ríkà ò ní jó, ìdá kan nínú mẹ́rin ooru rẹ̀ ló máa mú jáde, kò ní lè lọ aṣọ. Ohun tó ń yí ẹnu ìtẹ̀bọnú padà (adapter) kì í yí agbára iná padà. Bí wọ́n bá kọ 100–240V sára rẹ̀, ẹ máa gbé e lọ.

Power bank kì í wọ ìsàlẹ̀ ọkọ̀ òfurufú, ọwọ́ ni wọ́n ń gbé e sí, nítorí bó bá gbiná, àwọn òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kí ó má ju 100 Wh (ìwọ̀n agbára tó wà nínú rẹ̀) lọ láìgba àṣẹ. 20,000 mAh jẹ́ nǹkan bí 74 Wh, kò sí wàhálà. Kí nọ́ńbà rẹ̀ hàn lára rẹ̀ ketekete. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ti pa rẹ́ ni wọ́n máa ń gbà lọ́wọ́ èèyàn.

Ayàwòrán

Àǹtí awégèlè ti sọ òótọ́. Gèlè tó bá fẹ̀ níwájú máa ń da òjìji sórí ojú, pàápàá láàárín aago 11 àárọ̀ sí 3 ọ̀sán tí oòrùn wà lókè orí. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí oòrùn. Kí ẹnìkan di aṣọ funfun mú níwájú yín, ní ìsàlẹ̀ àyà, kó dà á kọjú sókè. Ìmọ́lẹ̀ á ta padà sábẹ́ gèlè. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ilé ìtura tó o.

Fóònù máa ń fẹ́ kí gbogbo àwòrán wà ní agbedeméjì, kó má funfun, kó má dúdú. Tí léèsì funfun bá gba ibi tó pọ̀, á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, ojú ẹni tó dúdú á wá ṣókùnkùn. Tó bá jẹ́ ẹtù ni, á ṣe òdìkejì, ojú á sì máa dán gbinrin. Ẹ tẹ ojú èèyàn náà lórí gíláàsì fóònù, àmì oòrùn kékeré á yọ. Fún aṣọ funfun, ẹ fà á sókè díẹ̀. Fún aṣọ dúdú, ẹ fà á wálẹ̀. Léèsì olókùúta àti òwú dídán kò fẹ́ fíláàṣì, ẹ pa á. Páńdà tó ní ààbò oòrùn nínú náà máa ń sọ ojú di eérú bí fíláàṣì bá kàn án, nítorí èròjà funfun inú rẹ̀ ń ta ìmọ́lẹ̀ padà.

Ẹ má fi 0.5 fóònù, èyí tó ń kó ibi púpọ̀ sínú àwòrán, ya gèlè. Ó ń na ohun tó wà létí àwòrán, gèlè á wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ sún sẹ́yìn, kí ẹ lo 2. Agbádá dára jù tí wọ́n bá ká apá kan lé èjìká, tí ìkejì ń fò.

Àsìkò tó dára jù ni wákàtí kan lẹ́yìn tí oòrùn yọ àti wákàtí kan kó tó wọ̀. L'Ékòó, ó ń wọ̀ láàárín nǹkan bí aago 6 àbọ̀ sí 7 ní gbogbo ọdún. Ní London, kò ní wọ̀ títí aago 9 á fi kọjá nínú Oṣù Kẹfà, ṣùgbọ́n nínú Oṣù Kejìlá ó ti ń lọ ní nǹkan bí aago 4 ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí wọ́n pè sí ìgbéyàwó lóṣù yẹn, kó ya fọ́tò ìta kó tó wọ gbọ̀ngàn.

Ẹ tún jẹ́ kí aṣọ bá ibi mu. Nínú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO kọ sínú àkọsílẹ̀ ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005, igi ṣókùnkùn, àwọn ère sì jẹ́ àwọ̀ erùpẹ̀. Funfun àti yẹ́lò ló ń yọ níbẹ̀, ẹtù á pòórá. Ẹ béèrè owó kámẹ́rà lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ tó gbé e jáde. Ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Benin, mọ́sálásí àtijọ́ tí àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó ti Brazil padà wálé, kọ́ bíi ṣọ́ọ̀ṣì Bahia ní Brazil ti ní àwọ̀ púpọ̀ lára, aṣọ aláwọ̀ kan ṣoṣo ló yẹ ẹ́. Òkè Ìdànrè ní àtẹ̀gùn tó ju 600 lọ. Bàtà kánfáàsì ni kí ẹ fi gùn ún, kí aṣọ wà lẹ́yìn nínú àpò. Ní omi Erin-Ìjẹ̀ṣà, òkúta ń yọ̀, ìró gígùn kò dáa níbẹ̀.

Aránṣọ

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Ẹnikẹ́ni mọ ti Bahia? Oníbàárà kan ń bèèrè.

Awégèlè

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ sọ fún un kó mú ìró àti bùbá funfun kan lọ, léèsì tó ní ihò, tó fẹ́lẹ́, torí ooru. Ní Salvador, olú ìlú Bahia, ọ̀pọ̀ èèyàn ń wọ funfun ní ọjọ́ Jímọ̀ nítorí Ọbàtálá tí wọ́n ń pè ní Oxalá, á bá wọn mu láì béèrè. Bí wọ́n bá gbà á láàyè ní ilé òrìṣà, kó má wọ dúdú, kó má sì yọ fóònù láìjẹ́ pé wọ́n sọ pé kó yọ ọ́. Àwọn obìnrin tó múra funfun ní Pelourinho, àdúgbò àtijọ́ ní Salvador, máa ń gba owó kí wọ́n tó dúró fún fọ́tò. Kó bá wọn sọ iye rẹ̀ kó tó tẹ kámẹ́rà. Iná Brazil ẹ̀wẹ̀, àwọn ìlú kan ń lo 127V, àwọn kan 220V, kó bi ilé ìtura kó tó ki nǹkan bọ ògiri.