Ẹ jọ̀ọ́, “amọ́bẹ̀kan” kọ́ o

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Bọ̀dá tó ní ká máa pe omi ọsàn wẹ́wẹ́, fínígà àti gbogbo nǹkan kíkan tí wọ́n fi ń tún adùn ọbẹ̀ ṣe ní “amọ́bẹ̀kan”, mo kí yín, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ kí ọbẹ̀ òun kan? Ọbẹ̀ tó bá ti kan, dídà ni wọ́n ń dà á nù.

Ẹ ní ọsàn kíkan kì í ṣe ọsàn tó bàjẹ́, pé “kan” ò jẹ̀bi. Òótọ́ ni, àmọ́ ọsàn, bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn, ti ọbẹ̀, nǹkan ló ṣẹlẹ̀ sí i. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá ò ní gbọ́ “ọbẹ̀ ti kan” kó máa wá ṣíbí. Ẹlòmíì tiẹ̀ lè ka “amọ́bẹ̀kan” sí ẹni tó mú ọbẹ̀ kan, ìyẹn olè ìdí ìkòkò!

Iṣẹ́ tí nǹkan yìí ń ṣe gan-an lẹ ò wò. Ọbẹ̀ níyọ̀, síbẹ̀ ó tẹ́ lẹ́nu, èèyàn á tún fẹ́ da iyọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ìdajì ṣíbí kékeré omi ọsàn ló ń wá, ẹ kán an sí i, ẹnu á mọ iyọ̀ tó ti wà níbẹ̀ lára, ọ̀rá á sì fúyẹ́. Ọbẹ̀ náà ò gbọdọ̀ kan rárá! Ìgbà tí wọ́n bá sọ ìkòkò kalẹ̀ ni wọ́n ń kán an, torí òórùn ọsàn ò ní sùúrù fún iná, àwọ̀ ewébẹ̀ náà á ṣá tí ásíìdì bá pẹ́ lára ẹ̀ lórí iná, ẹ̀wà tí ẹ bá sì fún un sí kó tó rọ̀, ẹ jókòó tì í.

Torí náà “àkánsọ́bẹ̀” ni tèmi. Kán, ohùn òkè, à- ohùn ìsàlẹ̀, nítorí òun la kán sọ́bẹ̀, kì í ṣe òun ló ń kán nǹkan, ẹ wo àkọsílẹ̀, ohun tí a kọ sílẹ̀, ẹ wo apẹja, ẹni tó ń pẹja. Ẹ̀gbọ́n wa tó ní òun ti ń kọ́ni ní Yorùbá káwa tó dáyé, a ti gbọ́, ohùn tó yẹ kó wà lórí a- ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí lẹ ò tíì dá wa lóhùn lé. Ẹni tó ní orúkọ yìí ò bá tòmátò mu torí wọn kì í kán an, tòmátò lórúkọ tiẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Àwọn ìyá tó tọ́ wa ò tiẹ̀ sọ nǹkan kíkan yìí lórúkọ, “fi kiní kíkan díẹ̀ sí i”, ó sì yé gbogbo wa.

Ti fínígà tí wọ́n ní ká má pè ní “ọtí kíkan” mọ́ torí ọtí tó wà nínú ẹ̀, inú Bíbélì ló ti wà tipẹ́, ọtí tó bá sì ti kan dáadáa, ásíìdì ló dà. Ẹni tó bá fẹ́ jà lórí ìyẹn kó fún un ní àkọlé tiẹ̀, ẹ má dà á pọ̀ mọ́ tèyí.