Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n pààrọ̀ ọ́ìlì jíà ọkọ̀ tó ti rìn jìnnà?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin awakọ̀ àti mẹkáníìkì. Ìkòròdú ni mo ń gbé. Toyota Camry 2003 ni mo ń wà, Big Daddy oní-púlọ́ọ̀gì mẹ́rin, ó sì ti lé ní 190,000 máìlì. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Mile 12 ni mo máa ń bá kọjá lọ síbi iṣẹ́.

Jíà rẹ̀ ló ń kọ mí lóminú. Kò tíì dà mí láàmú, àmọ́ ọ́ìlì inú rẹ̀ ti dúdú, mi ò sì mọ ìgbà tí ẹni tó tà á fún mi pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn. Mẹkáníìkì kan ní kí n má fọwọ́ kàn án rárá, pé ọ́ìlì tuntun á jẹ́ kí jíà máa yọ̀, kó má di mú dáadáa. Òmíràn ní kí n kàn tú èyí tó bá lè dà jáde, kí n fi T-IV, ìyẹn irú ọ́ìlì jíà tí Toyota yìí ń lò, tuntun dí i, kí n tún un ṣe lẹ́yìn oṣù díẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ ẹni kejì yìí ló wọ̀ mí létí jù, torí òun fa ọ̀pá ọ́ìlì wò, ó tún gbóòórùn rẹ̀ bóyá ó ti jóná. Ta ló ti ṣe é rí nínú yín? Kí ló gbẹ̀yìn rẹ̀?

Wọ́n ti yọ tẹ́mósítáàtì ọkọ̀ náà (ohun tó ń darí bí omi ṣe ń gba inú ẹ́ńjìnnì) kí n tó rà á, omi lásán ló sì wà nínú rédíétọ̀. Mo fẹ́ dá tẹ́mósítáàtì náà padà, kí n máa lo kúláǹtì dípò omi lásán, torí ìpẹtà. Ṣé kí n pààrọ̀ páǹpù omi pọ̀ mọ́ ọn ni?

Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni mo ti lè rí ojúlówó T-IV ní Ṣábọ̀ tàbí Àgíríìkì, láì dé ọjà Ládípọ̀?