Lórí “ödül”: oyè kọ́, ẹ̀bùn kọ́

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ.

“Ödül” ni àwọn Tọ́kì ń pe ohun tí wọ́n fi ń yẹ́ ẹni tó tayọ sí, a sì ń wá ohun tí a óò pè é ní Yorùbá. Ẹ̀gbọ́n tó gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ ní kí a pe Sedat Simavi Ödülleri ti ilẹ̀ Tọ́kì ní “Oyè Sedat Simavi”. Àbúrò kan fèsì pé “Ẹ̀bùn” ló yẹ ẹ́. Ẹnì kẹta ní kí a gé e kúrú sí “Ẹ̀yẹ Sedat Simavi”. N kò fara mọ́ ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: Simavi ló dá ìwé ìròyìn Hürriyet sílẹ̀ ní Istanbul lọ́dún 1948. Òun náà ni ààrẹ àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ àwọn oníròyìn ibẹ̀. Ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ ni, ó sì ti ṣe sinimá láti 1917. Ó kú ní 1953. Láti 1977 ni wọ́n ti ń fi orúkọ rẹ̀ yẹ́ àwọn èèyàn sí: oníròyìn, òǹkọ̀wé, olórin, onísáyẹ́ǹsì, eléré ìdárayá.

Ọ̀rọ̀-ìṣe ni mo fi ń dán irú èyí wò. Oyè, jíjẹ là ń jẹ ẹ́, a óò sì máa fi pe ẹni tó jẹ ẹ́ títí ọjọ́ alẹ́. Àwọn Tọ́kì kì í jẹ ödül. “Ödül aldı” ni wọ́n ń wí, “almak” yẹn sì ni “gbà” tiwa. Ní 1977, akéwì Fazıl Hüsnü Dağlarca àti Peride Celal ló jọ pín ti lítíréṣọ̀ gbà. Oyè Balógun kan ṣoṣo, ta ni yóò là á sí méjì?

“Ẹ̀bùn” ńkọ́? Ìtọrẹ ni. Ó tún jẹ́ ohun tí Ọlọ́run fi jíǹkí èèyàn: olórin tó lẹ́bùn gba Ẹ̀bùn, ẹ gbọ́ ọ! Ödül kì í ṣe ìtọrẹ rárá. Ọ̀rọ̀ ará oko ni láyé àtijọ́, ohun tí wọ́n ń fún ẹni tó bá borí níbi ìjàkadì. Nígbà tí àjọ elédè wọn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1932, bẹ̀rẹ̀ sí gbá ọ̀rọ̀ Lárúbáwá kúrò nílé, ọ̀rọ̀ oko yìí ni wọ́n fi rọ́pò “mükâfat”. (Wọn ò sì gbá ilé náà tán o. “Cemiyet” tó wà lórúkọ ẹgbẹ́ àwọn oníròyìn, ti Lárúbáwá ni. “Hürriyet” gan-an náà nìyẹn.)

“Ẹ̀yẹ” nìkan ló fẹ́ fà mí lọ́kàn, torí ó kúrú bí ödül. Àmọ́ ọkùnrin tó ti kú láti 1953, tí a bá wá kọ “Ẹ̀yẹ Sedat Simavi”, ta ni kò ní bi wá pé ìgbà wo la fẹ́ sin ín? Ẹ̀yẹ ìkẹyìn ló máa wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ wa. Bí akọ̀wé bá tún gbàgbé àmì ohùn, ó di ẹyẹ, ó fò lọ.

Àmì-ẹ̀yẹ ni tèmi. Nígbà tí Ṣóyínká gba ti Nobel ní 1986, kò sí ohun tó ṣe àmì-ẹ̀yẹ tí kò fi bá a mu. Ẹ má sì jẹ́ ká fi “àwọn” sílẹ̀: “-ler” tó wà nínú “ödülleri” ń sọ pé wọ́n pọ̀, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Nítorí náà, Àwọn Àmì-ẹ̀yẹ Sedat Simavi.

“Gazeteci” náà, orúkọ tí àwọn Tọ́kì ń pe ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ìròyìn, “oníròyìn” ni mo fẹ́ fún un, kì í ṣe “akọ̀ròyìn”. “-ci” yẹn sún mọ́ “oní-” wa ju “a-kọ” lọ, rédíò àti tẹlifíṣọ̀n sì wà lára ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò fún àmì-ẹ̀yẹ náà. Òótọ́ ni pé oní-rédíò náà ń kọ̀wé kó tó sọ̀rọ̀, mo gbà.

Ó ku ẹ̀ka “görsel sanatlar”, iṣẹ́ ọnà tí ojú ń wò. “Ọnà àfojúrí” ló wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n ó ń dún bí àrùn ojú létí mi. Ta ló ní òmíràn?