Ẹ̀yin ọmọ Òṣogbo tó ti wa ọkọ̀ ìgbòkun rí, kí lojú yín rí lórí omi?

Ará Òkè-Fìà

Ẹ kú ilé o. Odò Ọ̀ṣun tá a bá nílé yìí náà ló ń ṣàn títí tó fi bọ́ sínú ọ̀sà lápá Èkó, ọ̀pọ̀ nínú wa ló sì bá a débẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń wa ọkọ̀ ìgbòkun ní Èkó lọ́jọ́ Sátidé. Mo fẹ́ sọ èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé wa lọ, kẹ́ ẹ bá mi fi tiyín kún un.

Lightning ni wọ́n ń pe irú ọkọ̀ náà. Ẹsẹ̀ bàtà 19 ni gígùn rẹ̀, èèyàn mẹ́ta ló ń wà á. Àpapọ̀ ìgbòkun méjì tó máa ń wà lókè nígbà gbogbo jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà onígun-mẹ́rin 177. Sípínákà, èyí tí wọ́n ń ta síwájú tí atẹ́gùn bá ń ti ẹ̀yìn bọ̀, tó máa ń yọ bí ikùn aboyún, òun nìkan jẹ́ 300.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, a ń ti Tarkwa Bay bọ̀ wálé, atẹ́gùn òkun wà lẹ́yìn wa, ọkọ̀ ń sáré. Àfi bí ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan ṣe yọ. A ní láti yí ìdí ọkọ̀ gba inú atẹ́gùn kọjá, kí ìgbòkun bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Àyà ẹni tó di ìtọ́kọ̀ mú já, ó fà á lẹ́ẹ̀kan náà láì ké sí ẹnikẹ́ni. Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ̀pá sípínákà, èyí tó ń na igun rẹ̀ síta, kúrò lára òpó ni, ó ṣì wà lọ́wọ́ mi. Bọ́ọ̀mù, igi tó na ìsàlẹ̀ ìgbòkun òpó, fò kọjá lórí mi bí kùmọ̀, ó bá ẹnì kejì mi léjìká. Sípínákà sá sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó fa òpó, ọkọ̀ kọrí sínú atẹ́gùn fúnra rẹ̀, ó sì dùbúlẹ̀. Omi ti bò wá kí n tó mí. Láífù-jákẹ́ẹ̀tì tó wà lára wa àti àwọn apẹja kan ni Ọlọ́run fi gbà wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, ẹnì kejì mi ò lè gbé ọwọ́ yẹn sókè.

Àgbà atukọ̀ kan jókòó tì wá lẹ́yìn náà. Ó ní ẹni ìtọ́kọ̀ á kọ́kọ́ ké pé òun fẹ́ yí, á sì dúró gbọ́ ìdáhùn. Á rọra darí ọkọ̀ títí atẹ́gùn á fi wà lẹ́yìn gan-an, kí ọkọ̀ wà lábẹ́ sípínákà bí ẹni tó wà lábẹ́ agboòrùn. Ẹni àárín á di okùn sípínákà méjèèjì mú, kó má jẹ́ kó rọ. Ẹni iwájú á yọ ọ̀pá lára òpó, á fi ẹnu yẹn kọ́ okùn ẹ̀gbẹ́ tuntun, á tì í síta, á já ẹnu kejì kúrò lára okùn àtijọ́, á fi í kọ́ òpó. Wọ́n á fa bọ́ọ̀mù wá sáàárín kó tó kọjá, bó bá ti kọjá, kí wọ́n tú okùn rẹ̀ kíákíá. Kí gbogbo wọn sì tẹ orí ba.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni àkókò. Ìgbà tí ọkọ̀ bá falẹ̀ ni mo rò pé ó dáa láti yí. Irọ́ ni! Bí atẹ́gùn bá ń sáré nọ́ọ̀tì 15, ìyẹn máìlì òkun 15 ní wákàtí kan, tí ọkọ̀ ń sáré 8 níwájú rẹ̀, 7 péré ló ń ba ìgbòkun. Bí ọkọ̀ bá kó sẹ́yìn ìgbì tó falẹ̀ dé 4, ó di 11. Ìgbà tí ọkọ̀ bá ń yọ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí ìgbì ni kẹ́ ẹ yí.

Aláró Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun

Bọ̀dá mi, ẹ kú ewu. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú rẹ̀ mọ́.

Tèmi ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lórí omi tí wọ́n ń pè ní Solent, àwa méjì péré nínú ọkọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 38. Sípínákà tiwa kò lo ọ̀pá. Igun iwájú rẹ̀ so mọ́ orí ọkọ̀, okùn méjì wà ní igun ẹ̀yìn, ọ̀kan fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ ti yí kí n tó fa okùn tuntun. Ìgbòkun rọ, ó sì lọ́ mọ́ wáyà iwájú bí atẹ́gùn ọyẹ́ ṣe ń wé àdìrẹ tútù mọ́ okùn tá a sá a sí. Ẹni tó bá ń sáṣọ mọ̀ ọ́n: bó o bá fi agbára fà á, ṣe ló ń lọ́ sí i. Ọ̀gá mi ò jẹ́ kí n fà á. Ó yí ọkọ̀ padà sí ẹ̀gbẹ́ tá a ti wá, atẹ́gùn tó ń ti ara ìgbòkun òpó wá náà yí padà, ló bá ń tú díẹ̀díẹ̀.

Látìgbà náà, bó bá jẹ́ àwa méjì, àpò gígùn tó wà lórí ìgbòkun yẹn la kọ́kọ́ ń fà wálẹ̀ bò ó. A óò yí ọkọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, a óò tún fa àpò náà sókè. Àwọn tó ń sáré ìje lè pè é ní ìjáfara. Mi ò bá wọn jà, mo fẹ́ délé ni.

Ọmọ Àyétòrò

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an. Mo fẹ́ lọ kọ́ ọ ní Èkó lẹ́yìn ọdún Ọ̀ṣun. Mo gbọ́ pé wọ́n máa ń fi okùn de bọ́ọ̀mù síwájú kó má baà fò. Ṣé ìyẹn ò tó?

Ará Òkè-Fìà

Àbúrò, ó dáa bó o bá ń lọ tààrà. Ṣùgbọ́n tú u kó o tó yí. Bó o bá gbàgbé, ìgbòkun á gba atẹ́gùn láti ẹ̀yìn, bọ́ọ̀mù ò ní lè kọjá, ọkọ̀ á dùbúlẹ̀. Èmi máa ń fọwọ́ kan okùn yẹn kí n tó dáhùn pé ó yá. Má sì wé okùn kankan mọ́ ọwọ́ láé. Mo ti rí ẹni tí okùn sípínákà bó láwọ àtẹ́lẹwọ́. Ọjọ́ wo gan-an lò ń lọ? Bó bá bọ́ sí Sátidé, pè mí, màá bá ọ lọ.