Meme Yorùbá: kí ló ń mú un dùn, kí ló ń bà á jẹ́?

Adérìn-ín
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìsinmi. Ojú Ọdúnladé Adékọ́lá, òṣèré fíìmù, kún orí WhatsApp gbogbo wa, àmọ́ ọ̀pọ̀ meme (àwòrán ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí) tó ń jáde báyìí, ọ̀rọ̀ orí ẹ̀ ti pọ̀ jù, àwòrán ẹ̀ sì ṣú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ṣe é, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rí nídìí ẹ̀?

Akọ̀wé
Ibi tí wọ́n ti ń yọ àwòrán ló ti ń bàjẹ́. Wọ́n á dá fíìmù dúró lórí fóònù, wọ́n á ya ojú fóònù, bẹ́ẹ̀ orí òṣèré ṣì ń yí lásìkò yẹn. Ẹ lo kọ̀ǹpútà. Bẹ́ ẹ bá ti dá fídíò dúró lórí YouTube, ẹ tẹ kọ́mà, á padà sẹ́yìn ní ẹyọ àwòrán kan. Ẹ tẹ àmì ìdánudúró, á sún síwájú ní ẹyọ kan. Àwòrán bíi 25 tàbí 30 ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ wá èyí tí ẹnu ti là tán, tí ojú kò tíì sún kúrò lójú kan. Ẹyọ kan ṣáájú ẹ̀, ẹnu ò tíì là tó; ẹyọ kan lẹ́yìn ẹ̀, ó ti ń pa dé.

Ìyá Ìbejì
Ẹnu tó là tán yẹn gan-an!

Ọmọ Aláwàdà
Ọ̀rọ̀ orí ẹ̀ ló ń dùn mí ní tèmi. Ṣebí àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fọ́mọlúàbí. Ẹ kọ "Àgbà kì í wà lọ́jà…" kẹ́ ẹ dúró síbẹ̀. Kí àwòrán jẹ́ bàbá kan tó tẹ orí sórí fóònù, tí ọmọ sì ń ké lẹ́yìn ìyá ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Òǹkàwé ló máa fẹnu ara ẹ̀ parí òwe náà, àsìkò tó bá parí ẹ̀ lẹ̀rín máa bọ́. Bẹ́ ẹ bá wá lọ kọ "kí orí ọmọ tuntun wọ́" sí ìsàlẹ̀, iṣẹ́ wo lẹ ṣẹ́ kù fún un?

Akékaka
Ọmọ tó dàgbà sí Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, àbọ̀ wo ló fẹ́ parí?

Ọmọ Aláwàdà
Tìyẹn, ẹ lo gbólóhùn tí ìyá ẹ̀ máa ń sọ nílé. "Ṣé wọ́n ń lé ẹ ni?" Kò sí ọmọ Yorùbá kankan, nílé lóko, tí kò ní gbọ́ ohùn ìyá ẹ̀ níbẹ̀.

Aṣàmì
Kò sẹ́ni tó ń fi àmì ohùn sí i, òun ló ń bí mi nínú. "Oko mi ti baje." Oko wo? Fọ́ọ̀ntì, ìyẹn irú ìkọ̀wé orí kọ̀ǹpútà, ni wọ́n ń sá fún. Ẹ́ àti ọ̀ kò ní kóòdù kan ṣoṣo tiwọn (nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀), lẹ́tà kan àti àmì kan ni wọ́n so pọ̀. Fọ́ọ̀ntì tí wọn ò ṣe fún irú ẹ̀ á gbé àmì lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí kó sọ ọ́ di àpótí òfìfo. Ẹ lo Noto Sans, ó gbé e dáadáa.

Bọ̀dá Táíwò
Àìsí àmì yẹn ló ń pani lẹ́rìn-ín! Ẹ gbé ọkùnrin tó fajú ro síbẹ̀, kẹ́ ẹ kọ "Oko mi ti baje". Kí kálukú mú tiẹ̀: oko, ọkọ́, ọkọ̀. Èyí tó kù, mi ò ní í dárúkọ ẹ̀ níbí.

Ìyá Ìbejì
Bọ̀dá! Ọmọdé ń bẹ níbí o.

Aṣàmì
Ẹ̀ẹ̀kan péré nìyẹn máa ṣiṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Nínú ìyókù, òǹkàwé á dúró, á tún un kà, kó tó mọ ohun tẹ́ ẹ kọ, ẹ̀rín ti kú.

Akọ̀wé
Àmì ń ná wa ní nǹkan lórí Twitter (tó ti di X báyìí) o. Àyè lẹ́tà 280 ni wọ́n fún àwa tí a ò sanwó láti 2017. Lẹ́tà lásán jẹ́ 1, à náà jẹ́ 1. Ṣùgbọ́n ẹ, ọ àti ṣ, méjì méjì ni wọ́n ń ka ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí àmì ohùn bá tún gun orí ẹ tàbí ọ, ó di 3. "Oko mi ti baje" jẹ́ 14. "Ọkọ̀ mi ti bàjẹ́" jẹ́ 19.

Akékaka
Haba! Ìrẹ́jẹ nìyẹn!

Àgbà Iléṣà
Baba Sàlá ti ṣe gbogbo èyí láìkọ nǹkan kan. Táì gbàǹgbà lọ́rùn, awò ràgàjì lójú, aago orí tábìlì ló dè mọ́ ọrùn ọwọ́. Bó bá ti yọ sórí ìtàgé, kó tó lanu ni ilé ti wó. Ọdún 2018 ló fi wá sílẹ̀, ẹ fi àwòrán ẹ̀ ṣe nǹkan.

Ọmọ Aláwàdà
Ẹ̀fẹ̀ ìtàgé nìyẹn, bàbá, mo júbà. Ṣùgbọ́n meme, ẹlòmíì gbọ́dọ̀ lè gbé e, kó fi wàhálà tiẹ̀ sínú ẹ̀. Ẹ wo àwọn òṣèré méjì, Osita Iheme àti Chinedu Ikedieze. 2002 ni fíìmù tó sọ wọ́n di Aki àti Pawpaw. Nígbà tó di 2019, àwọn àjèjì ti ń fi ojú wọn sọ̀rọ̀ lórí Twitter. Ara ọmọdé ni, ojú àgbàlagbà tó gbọ́n féfé ló wà lórí ẹ̀. Ìdí tó fi bá gbogbo ọ̀rọ̀ mu nìyẹn.

Àgbà Iléṣà
Ọmọ Igbo ni wọ́n. Meme Yorùbá la ń sọ.

Ìyá Ìbejì
Bàbá, ojú ni. Ojú kì í sọ Igbo.

Akọ̀wé
Ẹ jẹ́ n dáhùn ọ̀rọ̀ pé àwòrán ṣú. Bẹ́ ẹ bá tari ẹ̀ tààrà nínú WhatsApp, fáìlì kan náà ló ń lọ. Àmọ́ ẹni tó bá gbà á sórí fóònù tó tún un gbé síta, tàbí tó ya ojú fóònù, WhatsApp á tún un fún pọ̀. Bí èèyàn mẹ́wàá bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó tán. Ẹ fi ojúlówó ẹ̀ ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí dọ́kúmẹ́ǹtì.

Tó bá jẹ́ sítíkà tí ẹ fẹ́ fi sínú páákì (àkójọ sítíkà) WhatsApp: 512 sí 512 píksẹ́lì, WebP (irú fáìlì àwòrán kan) tí ẹ̀yìn ẹ̀ ṣófo, kò gbọdọ̀ ju 100 KB lọ. Ẹ fi àyè píksẹ́lì 16 sílẹ̀ yíká. Páákì kan kò gbọdọ̀ dín ní 3, kò sì gbọdọ̀ ju 30 lọ. Ẹ fa ìlà funfun píksẹ́lì 8 yí i ká, torí àwọn tí ojú WhatsApp wọn dúdú. Láìsí ìlà yẹn, irun òṣèré á wọnú òkùnkùn, ojú nìkan láá máa léfòó.

Adérìn-ín
Ẹ ṣé gan-an. Ìlà funfun yẹn, ìta ni àbí inú?

Akọ̀wé
Ìta ni. Bó bá wọnú, á gé etí Ọdúnladé.