Àbájáde ìmọ̀ràn yín lórí owó oúnjẹ

Mo béèrè bí mo ṣe lè rí owó ẹyin àti ẹja fún àwọn ọmọ láìjẹ́ pé owó oṣù mi lé sí i. Èyí tó ṣiṣẹ́ jù ni pé kí èmi àti àwọn aládùúgbò dáwó ra àpò ẹ̀wà kan ní ọjà Bódìjà, kí a sì fi kóńgò pín in, nítorí iye tó ń bọ́ sí kóńgò kan kéré sí ti ìsọ̀ àdúgbò, ìyàtọ̀ náà ló sì ń ra ẹyin báyìí. Rírẹ ẹ̀wà sómi mọ́jú dín gáàsì kù fún ẹ̀wà funfun nìkan. Ẹ̀wà olóyin kì í kúkú pẹ́ jinná. Ìmọ̀ràn pé kí n sá tòmátì pamọ́ ló kù tí kò tíì ṣiṣẹ́, nítorí èyí tí mo sá lásìkò òjò jẹrà kí ó tó gbẹ. Ẹ ṣeun.