Ọ́síjìn mi já sí 13, kò ṣe é pín

Ọmọ Ọ̀mù-Àrán
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. WAEC ń bọ̀, mo sì fẹ́ràn kẹ́mísírì ju gbogbo iṣẹ́ yòókù lọ. Wọ́n ní ká kọ bí bútéènì ṣe ń jó, ọ̀kan nínú gáàsì inú sílíńdà tí à ń fi dáná, kí iye átọ́mù kọ̀ọ̀kan lápá òsì àti ọ̀tún sì dọ́gba:

C₄H₁₀ + O₂ → CO₂ + H₂O

Káábọ̀nù mẹ́rin ni, mo fi 4 síwájú CO₂. Háídírójìn mẹ́wàá, mo fi 5 síwájú H₂O. Mo wá ka ọ́síjìn apá ọ̀tún: 8 àti 5, ó di 13. Méjì méjì sì ni ọ́síjìn ń rìn! Ọ̀rẹ́ mi ní kí n sọ H₂O di H₂O₂. Mo dán an wò, ó di 18, ó pín sí 9 geerege, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò gbà á. Kí ló burú níbẹ̀?

Tíṣà Ọ̀fà
Ọkàn rẹ kò tàn ọ́. Má fọwọ́ kan nọ́ńbà kékeré ìsàlẹ̀ yẹn láé. Òun ló ń sọ irú nǹkan tó jẹ́. H₂O ni omi. H₂O₂ ni hydrogen peroxide tí wọ́n fi ń fọ ojú egbò, bútéènì kì í jó kó dà bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà ńlá iwájú nìkan ló wà lọ́wọ́ wa.

Kọ 6½ síwájú O₂, kò léèwọ̀. Lẹ́yìn náà, sọ gbogbo rẹ̀ di ìlọ́po méjì:

2C₄H₁₀ + 13O₂ → 8CO₂ + 10H₂O

Káábọ̀nù 8 sí 8, háídírójìn 20 sí 20, ọ́síjìn 26 sí 26. Ọ́síjìn ni kó o máa fi kẹ́yìn, torí pé ó dá dúró lápá òsì: nọ́ńbà tó o bá fún un kò ní da ẹlòmíràn rú.

Wẹ́dà Sángò, Ìlọrin
Ẹ kú ọpọlọ, tíṣà. Gáàsì kábáídì lèmi fi ń ṣiṣẹ́. Tí mo bá ṣáná sí i láìtíì ṣí ọ́síjìn, iná á pọ́n, nǹkan dúdú wẹ́wẹ́ á máa fò, á bà sára aṣọ gbogbo wa. Bí mo ṣe ń ṣí ọ́síjìn díẹ̀díẹ̀, dúdú yẹn á pòórá, iná á ṣẹ́ kékeré, á di búlúù, á wá máa yọ́ irin. Ṣé ọ̀rọ̀ yìí náà nìyẹn?

Tíṣà Ọ̀fà
Òun gan-an ni, ọ̀gá wẹ́dà! Acetylene ni gáàsì yín:

2C₂H₂ + 5O₂ → 4CO₂ + 2H₂O

Sílíńdà yín kò nìkan pèsè 5 yẹn, afẹ́fẹ́ àyíká ń fi kún un. Dúdú tó ń fò ni káábọ̀nù tí kò rí ọ́síjìn mú. Ó tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí bí bútéènì kò bá rí ọ́síjìn tó:

2C₄H₁₀ + 9O₂ → 8CO + 10H₂O

Ẹ wò ó, 13 ti di 9, CO₂ sì ti di CO, gáàsì carbon monoxide, tí kò ní òórùn, tó sì ń pa èèyàn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa ṣí fèrèsé tí ẹ bá ń dáná.

Ọmọ Ọ̀mù-Àrán
Ẹ ṣé gan-an, sà. Mo ṣe propane, kò tiẹ̀ bá mi fa ìdajì rárá: C₃H₈ + 5O₂ → 3CO₂ + 4H₂O.

Tíṣà Ọ̀fà
Ó tọ́. Ó ku ọtí, C₂H₅OH. Ọ́síjìn kan ti wà nínú ọtí fúnra rẹ̀, yọ ọ́ kúrò kó o tó pín. 3O₂ ló yẹ kó o rí.